Ọmọ dé, ọ̀rẹ́ ọmọ dé, oúnjẹ wọn ò papọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń dáná ní Ẹ̀pẹ́

Bí ìparí ọ̀sẹ̀ bá dé, tàbí tí ọdún Iléyá àti Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ tó ti lọ sí Èkó, Ìbàdàn tàbí òkè òkun á máa padà wálé sí Ẹ̀pẹ́, wọn ò sì ní dá nìkan wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n mú wá kì í jẹ ẹran mọ́, ọ̀kan ń gbé irin kí iṣan rẹ̀ lè le, ọ̀kan ò lè fẹnu kan ata, edé sì máa ń wú ẹlòmíì lójú. Àwọn ohun tí àwọn ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n tó ń dáná fún wọn máa ń béèrè jù ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ọ̀nà kan la gbà dáhùn gbogbo rẹ̀: ẹ se ìpìlẹ̀ kan tí gbogbo wọn lè jẹ, kí ẹ wá ya ata, ẹran, ẹja àti edé sọ́tọ̀ títí ẹ ó fi máa bu oúnjẹ.

Báwo ni mo ṣe lè béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, tí wọn ò fi ní rò pé wíwá wọn ń ni mí lára?

Ọmọ yín ni kí ẹ bi lórí WhatsApp, ó kéré tán ní ọjọ́ 3 kí wọ́n tó dé, kí òun náà bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè pé "kí lẹ fẹ́ jẹ?" Ohun tí wọ́n máa fèsì ni "ohunkóhun tí ẹ bá sè, mà," ìyẹn ò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ béèrè pé: kí ni o kì í fẹnu kàn rárá? Kí lo máa ń jẹ tí inú tàbí ara rẹ kì í gbà á? Ata ńkọ́?

Tí èsì bá dé, ẹ pín in sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹni náà kò gbọdọ̀ jẹ, yálà torí ara rẹ̀, torí ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí torí pé èèwọ̀ ilé wọn ni. Èkejì ni ohun tó lè jẹ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ máa ń run bó bá pọ̀, bí ẹ̀wà tàbí mílíìkì. Ẹ̀kẹta ni ohun tí kò kàn fẹ́ràn. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi pinnu ohun tó máa wọ ìkòkò. Ti èkejì, ẹ dín in kù nínú abọ́ rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ò gba wàhálà kankan, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ ni pé ilé á dá ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ sè fún ẹni tí kò fẹ́ràn ilá, wọ́n á wá sọ fún ẹni tí edé ń bá jà pé "díẹ̀ ni mo fi sí i, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Ẹni mẹ́jọ ń bọ̀. Ìkòkò mélòó ni màá gbé kaná?

Ìkòkò méjì àti páànù kékeré kan tó. Ẹni tó bá se ìkòkò márùn-ún á ti rẹ̀ kí àlejò tó jókòó, oúnjẹ mẹ́ta nínú márààrún á sì ṣẹ́kù.

Ọbẹ̀ ìpìlẹ̀ tó tó ẹni 8 lẹ́ẹ̀mejì nìyí: tòmátì pípọ́n 15, tàtàsé ńlá 8, àlùbọ́sà ńlá 4, òróró agolo mílíìkì 2, iyọ̀ ṣíbí tíì kan láti fi bẹ̀rẹ̀. Ata rodo kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ gbọn kóró inú tàtàsé dànù, ẹ lọ àwọn tòmátì àti tàtàsé náà pẹ̀lú àlùbọ́sà 2, ẹ gbé e kaná láìda òróró sí i, ẹ má sì dé e. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 40 kí omi rẹ̀ tó fà tán tí á fi ki. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ tí ẹ dà á sínú òróró, kò ní dín, bíbọ̀ ló máa bọ̀, kíkan tòmátì á sì wà níbẹ̀ dọ̀la, bó ti wù kí iyọ̀ àti máàgì pọ̀ tó. Bó bá ti ki, ẹ gbé òróró kaná, ẹ rẹ́ àlùbọ́sà 2 tó kù sí i, ẹ da ata náà sí i, kí ẹ dín in lórí iná wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, títí òróró á fi léfòó.

Ẹ kọ́kọ́ bu ìdajì rẹ̀ sínú abọ́ tó mọ́, kí ohunkóhun míì tó kàn án. Ti ẹni tí kì í jẹ ẹran, ti ẹni tí edé ń yọ lẹ́nu, àti ti ẹni tí kò jẹ ata nìyẹn. Èyí tó kù nínú ìkòkò lẹ máa da omi ẹran àti ẹran sí.

Ata ńkọ́? Inú páànù kékeré ni. Ẹ lọ rodo 10 pẹ̀lú àlùbọ́sà 1, kó má kúnná jù, ẹ dín in nínú ìdajì agolo òróró pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 12, kí ẹ ṣí fèrèsé torí ikọ́. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó ta á bù ú sí tirẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ kò ní sunkún. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí, bí ẹ kò bá lè ṣe ju ẹyọ kan lọ, ata tí a yà sọ́tọ̀ yìí ni kí ẹ ṣe.

Ẹni tí kò jẹ ẹran, kò jẹ ẹja: kí ló wá kù?

Ó kù púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń jẹ ẹyin àti wàrà, torí àwọn kan ń jẹ ẹ́, àwọn kan kì í jẹ ẹ́. Ẹ rántí pé ẹran ni pọ̀nmọ́, omi tí a fi bọ ẹran náà ẹran ni, ẹja gbígbẹ tí a gún sínú ọbẹ̀ sì jẹ́ ẹja bí ojú ò tiẹ̀ rí i. Ẹ wo ara páálí máàgì pẹ̀lú, torí òmíràn ní ọ̀rá adìyẹ tàbí edé nínú.

Ohun tó ń mú ọbẹ̀ aláìlẹ́ran dùn ni irú. Èso igi igbá la fi ń ṣe é, kò ní ẹran nínú, ó sì ní adùn tó jinlẹ̀. Fún ẹ̀fọ́ rírò ẹni 3, ẹ fi irú wọ́rọ́ ṣíbí ìjẹun 2 sínú epo pupa tó ti gbóná pẹ̀lú àlùbọ́sà, kó dín fún ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó bu ọbẹ̀ ìpìlẹ̀ lé e. Ẹ fún omi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ dáadáa kí ẹ tó dà á sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọbẹ̀ á ṣomi.

Olú náà dára dípò ẹran. Ẹ gé e, ẹ kọ́kọ́ fi sínú páànù gbígbẹ láìsí òróró, kí omi ara rẹ̀ jáde kó sì gbẹ, ẹ wá da òróró lé e kó dín. Ẹni tó bá da òróró sí i látìbẹ̀rẹ̀ á rí i pé ó máa ń rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀. Ẹ̀gúsí tí a pò le, tí a ń já sínú ọbẹ̀ ní kókó, tí a kò rò fún ìṣẹ́jú 10, á dì bí ẹran wẹ́wẹ́, ó sì ń yóni.

Àlejò wa fẹ́ tọ́ ìkọ́kọrẹ́ wò, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn kì í jẹ ẹja. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, a sì fẹ́ kí ẹ sè é, torí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó dàgbà sí ìlú mìíràn kò tíì fẹnu kan oúnjẹ Ìjẹ̀bú yìí rí.

Ewùrà tó wọn nǹkan bíi kílò 3 tó ẹni 8. Èyí tó ti gbó, tí awọ rẹ̀ gbẹ, ni kí ẹ rà. Ewùrà tuntun lómi nínú, kókó rẹ̀ kì í dúró. Bó bá jẹ́ òun lẹ rí rà, ẹ rin iṣu funfun díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó bó o, torí omi ara rẹ̀ máa ń yúnni. Ojú ìrin tó kúnná ni kí ẹ lò. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ọwọ́ lù ú títí á fi yọ́.

Ìkòkò méjì ni, ńlá àti kékeré. Ẹ lọ tàtàsé 5, rodo 2 àti àlùbọ́sà 2. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú epo pupa agolo mílíìkì kan àtàbọ̀ àti omi agolo 6. Bó bá ti hó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ bu ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan sínú ìkòkò kékeré, ẹ fi irú àti olú síbẹ̀. Ẹ wá da àrọ̀ yíyan tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ àti edé lílọ̀ sínú ti ńlá.

Ẹ máa fi ọmọ ìka já ewùrà sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kókó kọ̀ọ̀kan kó tó nǹkan bí òkèlè kékeré kan. Ìkòkò kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ já a sí, kí ọwọ́ tó kan ẹja má bàa padà síbẹ̀. Ẹ dé e, ẹ rẹ iná sílẹ̀, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó bá rò ó ní ìṣẹ́jú 5 torí ẹ̀rù pé kó má jóná, àsáró ló máa bá níbẹ̀: kókó á ti tú, ọbẹ̀ á ki pọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fi ọmọrogùn yí i díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin péré, ẹ tún dé e fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bó bá jinná, kókó tí ẹ bá fọ́ sí méjì kò ní funfun láàárín mọ́.

Bí ewùrà rínrin bá ṣẹ́kù, ẹ gé àlùbọ́sà àti ata díẹ̀ sí i, ẹ fi dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún oúnjẹ àárọ̀.

Mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Òun ni gbogbo wọn fẹ́ràn.

Òun ló rọrùn jù láti pín, torí ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹ po gbogbo rẹ̀ láìsí ẹja, láìsí ẹyin, láìsí edé, kí ẹ wá máa fi ohun tí kálukú fẹ́ sínú ewé rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pọ́n ti aláìlẹ́ja, kí ẹ so okùn mọ́ ọn. Ti ẹlẹ́yin, ẹ ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹlẹ́ja, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpele òkè nínú ìkòkò ni kí ti aláìlẹ́ja wà, torí bí ewé bá ya, ìsàlẹ̀ ni omi rẹ̀ máa ń ro sí.

Bí mọ́ínmọ́ín bá le, omi rẹ̀ kéré. Bó bá dì nísàlẹ̀ tí omi dúró lókè, ẹ kò lù ú tó kí ẹ tó pọ́n ọn, tàbí omi ti pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1 ló ń gbà, bí ewé bá ṣe tóbi sí.

Edé ń bá ọ̀rẹ́ ọmọ mi jà. Ṣé kí n kàn má fi sí tirẹ̀ ni?

Rárá, ìyẹn nìkan kò tó. Edé tó kù lára ṣíbí, òróró tí a ti fi dín edé tàbí alákàn, ọlọ tí a ti fi lọ edé gbígbẹ láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ara ẹni bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sè, kí ẹ tó tú edé nílé ìdáná. Ẹ fún un ní ìkòkò, ṣíbí àti abọ́ tí ẹ ti fi ọṣẹ fọ̀, kí ẹ dé oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Òróró dòdò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òróró tuntun. Bákan náà ni fún ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà, ẹ sì bi í léèrè bóyá ó lè jẹ òróró ẹ̀pà.

Bí ara rẹ̀ bá ń yún lẹ́yìn oúnjẹ, tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ń wú, tí ohùn rẹ̀ yí padà tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má ṣe fún un ní mílíìkì tàbí epo pupa kí ẹ máa wò ó níran. Bó bá ní abẹ́rẹ́ tí dókítà fún un fún irú nǹkan báyìí, ẹ jẹ́ kó lò ó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 tàbí 112.

Ẹja wo ni kí n rà fún àlejò tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ síra?

Èpìyà. Àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún dùn, àwọn ni ọ̀pọ̀ sì ń wá lọ sí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní ìpẹ́, àwọn ọmọ ìjọ Adventist kì í sì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò yẹ kó wọ ìkòkò gbogbogbò rárá: Mùsùlùmí kì í jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́sítíà náà kì í jẹ ẹ́. Àwọn Mùsùlùmí kan ń jẹ ìgbín, àwọn mìíràn kì í jẹ ẹ́, nítorí náà abọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ìgbín wà. Ẹran ìgbẹ́ wà lọ́jà yẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a ò dá a lábàá fún àlejò tí ẹ kò tíì mọ oúnjẹ rẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ. Ẹ ṣí etí ẹja wò, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, bí ẹ bá sì tẹ ara rẹ̀, kó padà sókè. Bó bá jẹ́ àrọ̀ láàyè lẹ rà, iyọ̀ ni kí ẹ fi fọ yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná lẹ fẹ́ lò, kó má hó, torí omi híhó máa ń bó awọ rẹ̀. Bó bá wà nínú ọbẹ̀, ẹ má fi ṣíbí rò ó, ìkòkò ni kí ẹ dì mú kí ẹ gbọ̀n.

Ọ̀kan ń gbé irin, ó ń jẹun púpọ̀. Ọ̀kan ní òun ń dín ara kù. Báwo ni mo ṣe máa wọn oúnjẹ?

Agolo mílíìkì kan ìrẹsì tútù, tó tó nǹkan bíi gíráàmù 160, ni kí ẹ kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi agolo 1 lé e lórí gbogbo ẹni 4. Bó bá jinná, ìwọ̀n rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹni tó ń gbé irin kò nílò òkè ìrẹsì, púrótéènì ló ń wá. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, gíráàmù 100 ẹran màlúù bíbọ̀ tí kò lọ́ràá ní nǹkan bíi 26, ìwọ̀n kan náà ẹ̀wà tó ti jinná sì ní nǹkan bíi 8 sí 9. Ẹ bọ ẹyin 6 sílẹ̀ sínú fíríìjì, á máa mú un fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń dín ara kù, ẹ fún un ní ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ẹja yíyan, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ "o ti rù jù" àti "o ti sanra" ti lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kúrò nídìí tábìlì ilé wọn.

Òkèlè wo ni?

Ẹ̀bà, torí ó yá, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tí kálukú fẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú máa ń kan, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn láti fi omi tútù mu ún, ẹ ra èyí tí kò kan fún ẹ̀bà. Ẹni tí àlìkámà ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ jẹ sẹ̀mó tí wọ́n fi àlìkámà ṣe. Àmàlà, fùfú tàbí iyán ni kí ẹ fún un.

Ṣé àfojúdi ni bí ọmọ kan bá kọ oúnjẹ tí mo sè?

Kì í ṣe àfojúdi bó bá sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ dáhùn pé "ó dáa, èwo lo lè jẹ níbẹ̀?" kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ẹ má bu oúnjẹ fún wọn. Ẹ tò ó sórí tábìlì nínú kúlà àti abọ́, kí kálukú bù fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣa ẹ̀fọ́ tàbí bó ẹ̀wà, torí ẹni tó rí ohun tó wọ ìkòkò kì í bẹ̀rù àtijẹ ẹ́.

Iná kì í dúró. Báwo ni oúnjẹ ò ṣe ní bàjẹ́?

Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kó má ju wákàtí 2 lọ nílẹ̀ lẹ́yìn tó bá jinná. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus máa ń hù nínú rẹ̀, májèlé tó ń tú sílẹ̀ kì í kú bí a tilẹ̀ tún un gbóná, ohun tó sì máa ń fa èébì lóru nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó tètè tutù, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí kò bá sí iná, ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ tán ni kí ẹ sè.

Ọbẹ̀ ata, ẹ gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kó hó gidi fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ má sì ti ṣíbí tí ẹnu ti kàn bọ̀ ọ́. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín tètè máa ń kan, ẹ má fi sùn níta.

Wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ padà sí Èkó. Kí ló lè rin ìrìn àjò yẹn?

Ata díndín inú ìgò ló dára jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọbẹ̀ ìpìlẹ̀ tí ẹ ti dín gbẹ, àti ẹja yíyan tó gbẹ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Bó bá ṣì gbóná tí ẹ dé e, ooru rẹ̀ á di omi lábẹ́ ìdérí, omi yẹn ló sì máa ń mú un kan kí wọ́n tó délé. Bí ẹ bá ní iná ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ dì nínú fíríìsà, ẹ we é mọ́ ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé e sínú kúlà kékeré. Ọbẹ̀ aláìlẹ́ran àti ẹlẹ́ran kò gbọdọ̀ wà nínú abọ́ tó jọra. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ sè é.